Aago Ilé ní Tokoin

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Lomé ni pé gbogbo ìlú ń sùn lọ́sàn-án gangan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ruth ní Tokoin, mò ń wòran. Lójijì ni àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn. Aláṣọ ti tirẹ̀, oníbúrẹ́dì ti tirẹ̀, apòògùn tó wà ní òdìkejì títì náà fa irin wálẹ̀ gbàgà. Kí n tó ṣẹ́jú, àdúgbò ti dá páropáro. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọjà bá tú báyìí, ẹni tó gbọ́n kì í béèrè ìdí, á ti ki eré mọ́lẹ̀. Mo sáré wọlé, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Ìyá Ruth rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kú. Midi ti lù ni, aago méjìlá ọ̀sán. Wọ́n lọ jẹun, wọ́n á sì sùn díẹ̀. Ìwọ náà lọ sùn."

Èmi tí wọ́n fi pàṣán kọ́ pé ọ̀lẹ ló ń sùn lọ́sàn-án! Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo lajú sílẹ̀ títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn padà. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe rí lónìí. Bí aago méjìlá bá ti lù báyìí, ẹni tí kò bá jẹ́ kí n sùn, ìjà la ó jà.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀. Oníbàárà kan wọlé lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbàlagbà tó fi ọ̀pá rìn, mo sì kúnlẹ̀ kí i wọ̀ọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Bàbá náà dúró. Ó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tú abẹ́ àga wò, ó sì sọ nǹkan ní èdè Mínà. Ìyá Ruth bá mi túmọ̀ rẹ̀: bàbá ní kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi, kí òun bá mi wá a. Nígbà tí bàbá lọ tán ni mo gbọ́ pé olórí àdúgbò wa ni.

Ìyá Ruth ni mo wá bá ní Lomé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá mi ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣòwò láyé ìgbà tí òwò ṣì ń pé ẹni tó ń ta kóró ìlẹ̀kẹ̀ àti fìtílà. Ó kọ́lé sí Lomé, ó bímọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìyá Ruth fúnra rẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ẹ̀fọn sì jẹ ẹ́ débi pé kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ibẹ̀ fún un. Síbẹ̀, bó bá gbàdúrà, Yorùbá ló fi ń gbà á. Faransé ló fi ń báni jà, Mínà ló fi ń nájà. Ruth ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ó sì ń wá ẹni tó lè tẹ ìwé lẹ́rọ. Èmi sì ti kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tán nílé, mi ò ríṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bára mu nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù ni ṣọ́ọ̀bù náà. Yàrá onígi kéékèèké méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kábíìnì, tí èèyàn máa ń wọ̀ láti báni sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A tún ń tẹ̀wé, a sì ń da ìwé kọ. Lẹ́yìn tí mo dé ni Ìyá Ruth ra ẹ̀rọ fáàsì, èyí tó ń gba ojú wáyà tẹlifóònù fi ìwé ránṣẹ́. Èmi ni mo tú u nínú páálí. Ẹ̀rọ náà bi mí ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí ní nọ́ńbà, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní aago mélòó ló lù, mo wo aago ọwọ́ mi, mo tẹ ohun tí mo rí. Láti ọjọ́ náà, ìwé yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ wa jáde, orúkọ wa, nọ́ńbà wa àti aago wa yóò wà lórí rẹ̀ fínnífínní.

Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ mi, aago ilé ni. Ìyá mi ló fún mi, aago Nàìjíríà ló sì wà nínú rẹ̀. Ti Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni Ìyá Ruth rí i. "Ẹ̀rọ yìí ń sáré. Tún un ṣe." Mo ní n ó tún un ṣe. Mi ò tún un ṣe. Ó tún sọ ọ́, mo tún dáhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé ìwé wọn sókè, wọ́n á ní, "Anago, aago yín ti sáré lọ sí Èkó!" Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, Anago, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí mi ò fi yí i padà rèé. Lálaalẹ́ ọjọ́ Sunday, nígbà tí aago méje bá lù, ìyá mi á lọ jókòó ti tẹlifóònù ilé pásítọ̀ wọn, á máa retí mi. Bí mo bá wo ọwọ́ mi, mo mọ ibi tó wà: ó ti ń kó agbada àkàrà wọlé nísinsìnyí, ó ti ń wé gèlè nísinsìnyí, ó ti jókòó. Bí mo bá yí aago náà padà, ó dà bí ẹni pé mo fi òun nìkan sílẹ̀ lórí àga yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Oòrùn kan náà ló ń wọ̀ lórí àwa méjèèjì, aago nìkan ló yà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí àárò ilé bá ń sọ kì í ṣírò oòrùn.

"Ṣé o ń jẹun?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìyá mi. "Ṣé wọn ò fìyà jẹ ọ́?" ni ìkejì. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, á sọ ọ́ dandan: "Àjò kì í dùn kí onílé má relé o." Èmi náà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Lẹ́yìn náà n ó jókòó nínú kábíìnì díẹ̀ kí ojú mi lè gbẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni Lomé gbà mí wọlé. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Mínà nájà ẹja, tí ìyá ẹlẹ́ja sì bú mi bó ṣe ń bú gbogbo èèyàn. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja ju èyí tí a lè jẹ lọ. Mo rántí ọjọ́ tí àjèjì kan bi mí lọ́nà Attiégou, tí mo júwe rẹ̀ láìṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ọmọ máa ń kọrin Yorùbá bí ẹni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí, bí wọ́n bá sì jáde báyìí, Faransé ni wọ́n á fi máa ja ìjà bọ́ọ̀lù. Mo kọ́kọ́ káàánú wọn. Nígbà tó yá, mo rí i pé kò sóhun tó ń ṣe wọ́n, èmi ni mò ń wá ilé kiri.

Ẹ̀rọ fáàsì náà ò jẹ́ kí a sinmi. Ìwé tí a ò retí ń wọlé lójoojúmọ́. Ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí á ní bàbá òun kú, ó fi ọrọ̀ rẹpẹtẹ sílẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni òun sì fọkàn tán láti bá òun kó o. Ìyá Ruth á ní, "Tí mo bá gba gbogbo ogún wọ̀nyí, ibo ni n ó kó o sí?" Ṣùgbọ́n ìwé wa ni wọ́n ń jẹ run, inú sì ń bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́ńbà tó wà lókè wọn. Lọ́jọ́ kan, mo pe ọ̀kan kí n lè bú ẹni tó ni ín. Sísítà kan ló gbé e, ní ilé ìwé kan lókè ìlú. Ó fara balẹ̀ gbọ́ èébú mi tán, ó ní, "Ọmọ mi, a ò ní fáàsì níbí." Ojú tì mí. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé nọ́ńbà orí ìwé kì í ṣe ẹ̀rí. Orúkọ tí èèyàn bá sọ fún ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìlú gbóná. Àwọn kan ní àfi ìjọba tiwa-n-tiwa, àwọn tó wà lórí àga ò fẹ́ gbọ́. Ìwọ́de kò tán, ìbọn kò tán, gírẹ́ẹ̀fù wá dé: iléeṣẹ́ tì, ọjà tì, ilé ìwé tì. Èèyàn ń di mátíràsì lérí lọ sí ààlà Gánà, àwọn mìíràn gba ọ̀nà Benin. Àwa ṣí ilẹ̀kùn wa ní ìdajì, nítorí àwọn tó ní aláìsàn ní ọsibítù ńlá Tokoin gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọ́n á ti pe ẹbí wọn. Mùsíọ̀ Joseph, apòògùn òdìkejì, náà ò ti tirẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Togo níbẹ̀, apá Atakpamé, ni, Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀.

Ìyá mi gbọ́ lórí rédíò. "Máa bọ̀ wálé. Ìjà yẹn kì í ṣe tìẹ."

"Màámi, Ìyá Ruth ń kọ́?"

"Òun náà, ṣé kò nílé ni?"

Mo ní oníbàárà ń pè mí, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ kan ni fáàsì kan wọ ilé apòògùn, ó wọ ilé ìwé kan ní Kégué tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbé inú ọgbà, ó wọ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Attiégou. Ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn sójà yóò wọ Tokoin láti ilé dé ilé, kí ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ sá. Àwọn èèyàn sá lóòótọ́. Ìyá arúgbó kan ṣubú nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, sójà kankan ò wá. Nígbà náà ni wọ́n tó wo òkè ìwé náà dáadáa. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ruth ló wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Mo mọ púpọ̀ nínú wọn, èmi ni mo tẹ ìwé tí wọ́n fi wáṣẹ́. Èyí tó ga jù nínú wọn kígbe pé, "Anago, ẹ fẹ́ tú ìlú wa ká! Ẹ padà síbi tí ẹ ti wá!"

Ìyá Ruth dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Níbo ni mo ti wá? Ọsibítù tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ìwọ ń kọ́, ibo ni wọ́n bí ọ sí?" Ìránṣẹ́ olórí àdúgbò ló tú wọn ká. Ó ní kí a wá sí àgbàlá olórí lówùúrọ̀ ọ̀la, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ òótọ́, a ó kúrò ní Tokoin.

Mi ò rí Ìyá Ruth kó sunkún rí àfi ọjọ́ yẹn. Ó jókòó lórí àpótí, ó ní, "Wọ́n á lé mi lọ sílé. Ilé wo?" Mo ní, "Màmá, èmi ni àlejò. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é, kí n máa lọ. Wọ́n á fi yín sílẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí. "Ìyá rẹ fi ọmọ lé mi lọ́wọ́, kí n wá dá ọ̀daràn padà fún un? Dìde, lọ wá oúnjẹ tí a ó jẹ." Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹbí tó jìnnà kì í ṣe ẹbí, mo máa ń sọ ti àpótí yẹn fún un.

Dípò oúnjẹ, mo wá ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí Attiégou. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fún mi ní ìwé tiwọn. Mo padà gba Kégué, ọ̀gá ilé ìwé náà ò jẹ́ kí n wọlé, ṣùgbọ́n ó fi tirẹ̀ hàn mí láti ojú fèrèsé. Mo wo nọ́ńbà náà títí ojú fi ń ro mí. Tiwa ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ti ẹ̀rọ tirẹ̀ níbì kan, ó sì tẹ orúkọ wa sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ ọ́ fún tó máa gbà? Nọ́ńbà nìkan ni mò ń wò, mi ò wo ohun mìíràn.

Lówùúrọ̀, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá olórí. Èrò pọ̀. Mùsíọ̀ Joseph mú ìwé tirẹ̀ wá. Mo ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn sínú ẹ̀rọ, mo sọ ti Sísítà tí mo bú. Ọmọkùnrin gíga yẹn ní, "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Anago ló ń purọ́." Àwọn kan mi orí.

Ìyá Ruth na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Ó wá gíláàsì rẹ̀ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́, ó ń ka ìwé náà bí ẹni ka Bíbélì. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè.

"Mùsíọ̀ Joseph, ìgbà wo ni ìwé yìí wọlé sọ́dọ̀ yín?"

"Midi ni, Màmá. Mo ti fa irin wálẹ̀ dé ìdajì nígbà tí ẹ̀rọ ké. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà wọlé."

"Aago mélòó ni wọ́n kọ sórí rẹ̀?"

Ó wò ó. "Méjìlá."

Ni Ìyá Ruth bá kọjú sí mi, ó lọgun mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn. "Ìwọ olórí kunkun! Bí ìlú bá ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, aago mélòó ni ẹ̀rọ tìẹ máa ń sọ?"

Ẹnu mi là sílẹ̀. "Aago kan, Màmá."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ ti ẹ̀yìn wá, láti ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tó ń fáàsì sọ́mọ rẹ̀ ní Paris. "Òótọ́ ni! Aago tó sáré lọ sí Èkó!" Àwọn míì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ti lo ẹ̀rọ wa tí kò fi aago náà ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ rí.

Ọmọkùnrin gíga náà ò gbà. Ó ní a lè ti yí aago ọ̀hún padà lọ́jọ́ náà. Mùsíọ̀ Joseph dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì padà pẹ̀lú ìwé mìíràn. Ìwé wa ni. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan náà gan-an, ẹbí aláìsàn kan tó ń béèrè bóyá oògùn kan wà kí wọ́n tó rìn wá. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn nígbà tó wọlé," ló wí. "Aago mẹ́jọ ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ wo ohun tó wà lórí rẹ̀. Mẹ́sàn-án." Ó gbé méjèèjì lé olórí lórí itan. "Papa, ẹ̀rọ kan náà kọ́ ló kọ ìwé méjì yìí."

Olórí wo èyí, ó wo ìyẹn. Ó gbé ọ̀kan sọ́dọ̀ oòrùn. Ó wá sọ ní Mínà pé òun mọ bàbá Ìyá Ruth, pé ọwọ́ rẹ̀ ni òun ti ra fìtílà àkọ́kọ́ tí òun ní, àti pé ẹni tó bá tún na igi sí ilé náà, òun ló na igi sí. Ìyá Ruth fi gèlè bo ojú. Èmi gbàgbé ibi tí mo wà, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú bàbá. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé kò sóhun tó já bọ́."

A ò mọ ẹni tó fi orúkọ wa ṣiṣẹ́ ibi náà títí dòní. Ọmọkùnrin gíga yẹn wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Gánà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jáde nínú kábíìnì, ó ní, "Davi, pardon." Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni Davi ní Mínà, ó sì fi Faransé tọrọ àforíjì. Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà o, ṣùgbọ́n mo fojú fò ó. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, Ìyá Ruth àti bàbá rẹ̀ sì ti da omi sí Tokoin kí wọ́n tó bí mi. Ilẹ̀ tútù tiwọn ni mo tẹ̀. Mò ń dúpẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, mo ní kí n tún aago ẹ̀rọ náà ṣe níkẹyìn, láti fi mú inú Ìyá Ruth dùn. Ó gbá mi lọ́wọ́ pàá. "Fọwọ́ kàn án, kí o rí mi!" Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀ títí ẹ̀rọ náà fi kú. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ dùbúlẹ̀ fún oorun ọ̀sán, mo tú aago ọwọ́ mi, mo sì fi wákàtí kan dá a padà. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Sunday dé, mo wọ kábíìnì. Ìyá mi gbé fóònù kíákíá. Mo ròyìn ohun gbogbo fún un, títí dórí bẹ́ǹṣì olórí àti ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ruth sọ lórí àpótí. Mo gbọ́ tó fa imú.

"Ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ti ń ṣú, Màámi."

"Aago mélòó ló lù?"

Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Kò nídìí tó fi yẹ kó bi mí. Mo wo ọwọ́ mi.

"Aago mẹ́fà, Màámi."

"Méje ló lù níbí," ló wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Bá mi kí Ìyá Ruth. Sọ fún un pé mo ní ó káalẹ́, àti pé ó kú ìtọ́jú ọmọ." Mo dúró, mò ń retí gbólóhùn tó fi ń parí ọ̀rọ̀ wa, nípa àjò àti onílé. Kò sọ ọ́. Ó ní ó dàárọ̀, èmi náà ní ó dàárọ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.